Bí Ìmọ̀ Àbùdá Ṣe Rìn Dé Ilé Ìwòsàn Alábọ́dé

Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé lọ́dọọdún, ọmọ tó tó 150,000 ni wọ́n ń bí ní Nàìjíríà pẹ̀lú àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá kó ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin jọ, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú wọn jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gbé àbùdá àrùn náà sára láìṣàìsàn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ayé ti mọ ohun tó ń fa àrùn yìí gan-an. Láti ọdún 1986 sì ni wọ́n ti mọ̀ dájú pé oògùn kan tí kò wọ́n lè dá ẹ̀mí ọmọ tó ní in sí. Síbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kú lọ́dọ̀ wa láìsí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò rí.

Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n. Ọ̀nà tí ìmọ̀ náà máa gbà dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ ló jìn. Ẹni tó bá tọpa ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ á rí i pé ìmọ̀ àbùdá kì í gba ẹ̀mí là níbi tí wọ́n ti wá a rí. Ibi tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ló ti ń gba ẹ̀mí là.

Alárinà àti àbíkú

Kí ilé ìwòsàn tó dé, àwọn baba wa ti ń ṣọ́ ohun tó ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Bí ìdílé kan bá fẹ́ gbéyàwó, alárinà kì í fi owó orí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ rọra wádìí: ṣé wárápá kò sí nílé náà? Ṣé wọn kì í ya wèrè? Ṣé kò sí adẹ́tẹ̀ nínú ẹbí? Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kà sí àrùn ìdílé ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kòkòrò ló ń fa ẹ̀tẹ̀. Àmọ́ ọgbọ́n tó wà nínú kí a béèrè ìtàn ìdílé kí ọmọ tó dé kò ṣeé kó dànù. Òun náà ni nọ́ọ̀sì ń dá lónìí nígbà tó bá ń bi aláboyún bóyá ọmọ kan kú nínú ẹbí wọn rí.

Wọ́n tún rí obìnrin tó ń bímọ, tọ́mọ ń kú, tó tún bí, tí ìyẹn náà tún kú. Wọ́n ní àbíkú ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run ló ń pè é. Wọ́n wá ń fi orúkọ bẹ̀ ẹ́: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó. Wọ́n tún ń fi orúkọ halẹ̀ mọ́ ọn: Kòsọ́kọ́, kò sí ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ín mọ́.

Kò tọ́ ká sọ pé fòní-kú-fọ̀la-dìde ló ṣe gbogbo àbíkú. Ibà, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn ipá kó ọmọ lọ rẹpẹtẹ láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìṣirò àbùdá jẹ́ kó yé wa ìdí tí ikú ọmọ fi ń dúró sójú kan nílé kan, tí ilé kejì kò sì mọ̀ ọ́n lára. Bí AS méjì bá fẹ́ra, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn náà. Oyún tó ti kọjá kì í dín ewu èyí tó ń bọ̀ kù. Nítorí náà, tọkọtaya kan lè sin ọmọ mẹ́ta léra wọn, kí aládùúgbò wọn tí òun jẹ́ AA, tí kò gbé àbùdá náà sára, má sin ẹyọ kan.

Láti Chicago dé inú ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Clement Noel kúrò ní erékùṣù Grenada, ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín ní Chicago. Kò pẹ́ tó fi dèrò ilé ìwòsàn. Dókítà kékeré kan, Ernest Irons, fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó sì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó gùn, tó sì tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, tẹ ìròyìn náà jáde ní 1910. Noel gba oyè rẹ̀, ó padà sí Grenada, ó sì ń tọ́jú eyín níbẹ̀ títí tí òtútù àyà fi pa á ní 1916. Ìmọ̀ ìṣègùn jèrè lára rẹ̀. Òun kò jèrè nǹkan kan lára ìmọ̀ ìṣègùn.

Ọdún 1949 ni nǹkan wá yí padà. James Neel fi hàn pé ìlànà tí Gregor Mendel ti rí lára ẹ̀wà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún náà ni àrùn yìí ń tọ̀: ẹni tó gba àbùdá S lọ́wọ́ òbí kan ṣoṣo kì í ṣàìsàn, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ló ń ṣe é. Lọ́dún yẹn kan náà, Linus Pauling, Harvey Itano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi iná mànàmáná dán hẹmoglóbíìnì wò, ìyẹn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, wọ́n sì rí i pé ti aláìsàn kò rìn bíi ti ẹni tára rẹ̀ dá. Nígbà tó fi di 1957, Vernon Ingram ní Cambridge ti fi hàn pé ẹyọ kan péré ló yàtọ̀ nínú gbogbo èròjà tí wọ́n so pọ̀ di hẹmoglóbíìnì náà. Ẹyọ kan yẹn ló ń sọ sẹ́ẹ̀lì di dòjé bí afẹ́fẹ́ bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, tó sì ń dá ìrora sínú egungun.

Ìdánwò Pauling yẹn ló wá di èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní jẹ́nótáìpù lọ́dọ̀ wa. Onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò á fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa kí hẹmoglóbíìnì lè tú jáde. Á kán an sẹ́bàá bébà pẹlẹbẹ kan tó ti rin nínú omi kẹ́míkà. Á sì jẹ́ kí iná gba ibẹ̀ kọjá. Bí eré ìje ni: hẹmoglóbíìnì A ló ń ṣíwájú, S á tẹ̀ lé e, C á kẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ AA á fi ìlà kan hàn níwájú, SS á fi ìlà kan hàn lẹ́yìn, AS á fi méjèèjì hàn. C yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá ju láàárín àwọn tó wà ní ìlà oòrùn odò Ọya lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí AC láàárín wa, tí a sì ń rí SC, tó jẹ́ oríṣi fòní-kú-fọ̀la-dìde kan. Ó yẹ kí wọ́n máa to ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n lè fi wéra. Níbi tí wọn ò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí tí iná ń ṣe ségesège, AS lè di AA lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló jẹ́ pé ara ọmọ ni wọ́n ti mọ̀ pé ìwé tí wọ́n gbà kí wọ́n tó ṣègbéyàwó parọ́.

Ibà, káńfọ̀ àti ìwọ́ ọmọ

Bí àbùdá kan bá ń pa ọmọ láti ìrandíran, kí ló dé tí kò run? Anthony Allison, tó dàgbà ní Kẹ́ńyà, dáhùn ní 1954: àbùdá náà ń dáàbò bo ẹni tó jẹ́ AS lọ́wọ́ ibà líle tó ń pa ọmọdé. Ibi tí ẹ̀fọn ibà ti gbilẹ̀ ni S ti gbilẹ̀. Ní 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi, onímọ̀ àbùdá tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ṣírò rẹ̀ pé láti ara ẹnì kan ṣoṣo ni S ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 7,300 sẹ́yìn. Ẹ má ṣì í gbọ́ o: AS nìkan ni ààbò yìí wà fún. Ibà wà lára ohun tó tètè ń pa ọmọ SS. Nọ́ọ̀sì tó bá fún un ní nẹ́ẹ̀tì apẹ̀fọn àti oògùn ibà ń tọ́jú àrùn àbímọ́ nìyẹn.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn láàárín 1964 sí 1974, Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dojú kọ àbùdá mìíràn tí ibà tún so mọ́: G6PD. Èròjà yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn kẹ́míkà kan fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ó dín kù lára nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín Yorùbá. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, àwọn ọkùnrin ló sì máa ń bá jà jù. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé e kiri láti kékeré dàgbà láìmọ̀, àfi bí ohun kan bá tọ́ ọ.

Káńfọ̀ wà lára ohun tó ń tọ́ ọ. Láti ìgbà tí oyún ti ń dàgbà ni ìyá ti ń ra aṣọ ọmọ pa mọ́ sínú àpótí, á sì ju káńfọ̀ méjì mẹ́ta sáàárín rẹ̀ nítorí kòkòrò. Nígbà tọ́mọ bá dé, á kàn tú aṣọ yọ, á wọ̀ ọ́ fún un. Bí G6PD ọmọ náà kò bá tó, òórùn káńfọ̀ yẹn ti tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹyinjú á pọ́n, àtẹ́lẹsẹ̀ á pọ́n, ọmọ ò ní fẹ́ mu ọyàn mọ́. Bí wọ́n bá ń dúró pé kí oòrùn àárọ̀ wò ó sàn, ohun tó ń pọ́n ara yẹn lè wọ ọpọlọ. Ó lè pa ọmọ, ó sì lè sọ ọ́ di adití tàbí aláàbọ̀ ara títí ayé. Ní 1980, S. A. Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti tẹ ìwádìí kan jáde láti Èkó. Wọ́n kìlọ̀ pé mẹ́ńtọ́ọ̀lù inú ohun tí àwọn ìyá ń fi sí ìwọ́ ọmọ léwu fún ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó.

Nígbà tí agbẹ̀bí bá sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé, “Ìyá ìkókó, ẹ má fi káńfọ̀ sáṣọ ọmọ o; ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a, kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un,” iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ńlá kan ò lè ṣe ló ṣe yẹn. Kò gba kọ́bọ̀. Ìwádìí àbùdá ló sì bí ìmọ̀ràn ọ̀hún.

Ransome-Kuti tó wà nídìí ìwádìí mẹ́ńtọ́ọ̀lù yẹn náà ló wá di mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, tó sì gbé ìlera alábọ́dé dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Ìpìlẹ̀ tó lò ni ìpàdé Alma-Ata ti September 1978, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé ìtọ́jú tó ṣe kókó gbọ́dọ̀ wà níbi tí àwọn èèyàn ń gbé. Wọ́n to ohun mẹ́jọ sílẹ̀ pé ó kéré tán, kí ó wà: oúnjẹ, omi tó mọ́, ìtọ́jú aboyún àtọmọ, àjẹsára, oògùn tó pọn dandan àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò dárúkọ àrùn àbímọ́ níbẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń pa ọmọ jù nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí àjẹsára bá ti lé àwọn ìyẹn sẹ́yìn, àrùn tó fara pa mọ́ sẹ́yìn wọn á yọjú síta.

Iyèré, osùn àti kànáfùrù

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà kò káwọ́ gbera. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn onímọ̀ bí Abayomi Sofowora àti W. A. Isaacs-Sodeye tẹ ìwádìí jáde lórí gbòǹgbò igi àta, èyí tí a fi ń ṣe pákò orin àta. Wọ́n rí i pé omi rẹ̀ lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti di dòjé padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Àgbo ìdílé kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ló di oògùn NIPRISAN lọ́wọ́ àjọ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn, ó sì dín ìrora kù. Àmọ́ oògùn tí kò sí ní káńtà nígbà tí aláìsàn bá dé, bí aláìsí ló rí. Ohun tó da NIPRISAN láàmú ní ọ̀pọ̀ ọdún kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn tó tètè gbé e dé ẹnu ọ̀nà

Jàmáíkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn. Láti 1973 dé 1981, Graham Serjeant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun 100,000 wò ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Kingston, wọ́n sì ń tẹ̀ lé àwọn tó ní àrùn náà láti ọjọ́ ìbí. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ lè ṣàdédé ya lọ sínú ẹ̀yà inú tó wà lábẹ́ ìhà òsì, kó wú, kí ọmọ sì kú láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá láti máa fọwọ́ tẹ ikùn ọmọ wọn wò nílé, kí wọ́n sì sáré gbé e wá bí ibẹ̀ bá ti wú. Ìka ọwọ́ ìyá di ohun èlò àyẹ̀wò. Ikú láti ibẹ̀ sì dín kù jọjọ.

Ní 1986, Marilyn Gaston àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ọmọ SS bá ń mu pẹnisílíìnì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkóràn tó ń pa á á dín kù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí ìwádìí náà pé ọjọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi dá a dúró, kí àwọn ọmọ tí kò rí oògùn náà gbà lè jàǹfààní. Ìgbà náà ni àyẹ̀wò ọmọ tuntun wá ní ìtumọ̀: bí o bá mọ̀ lónìí, ohun tí wàá ṣe lọ́la ti wà nílẹ̀.

Amẹ́ríkà yìí kan náà ló kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ tó korò. Nígbà tí òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àrùn yìí jáde ní 1972, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń fi dandan yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú wò láìsí olùdámọ̀ràn. Wọ́n ń ṣe ẹni tó jẹ́ AS bí aláìsàn. Àwọn kan pàdánù iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun òfuurufú kò sì gbà wọ́n wọlé títí di 1981. Àyẹ̀wò tí kò ní àlàyé lẹ́yìn, ẹ̀tẹ́ ló ń bí.

Àlàyé yẹn ni Elizabeth Anionwu, nọ́ọ̀sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, fi ṣe iṣẹ́ ṣe. Ní 1979, òun àti Dókítà Milica Brozovic dá ibùdó ìmọ̀ràn sílẹ̀ ní Brent, ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín àwọn èèyàn Káríbíánì àti Áfíríkà tó ń gbé níbẹ̀. Nígbà tó fi di 2006, kò sí ọmọ tuntun kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kì í gún ní gìgísẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí.

Ní Bràsíl, ètò ìjọba ti 2001 sọ àyẹ̀wò gìgísẹ̀ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní Bahia, níbi tí àwọn ọmọ Nàgó, ìyẹn ìran Yorùbá, pọ̀ sí láti ayé òwò ẹrú, nǹkan bí ọmọ kan nínú 650 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn náà. Ilé ìwòsàn àdúgbò ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ náà, kì í ṣe yunifásítì. Kúbà gba ọ̀nà mìíràn: láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún wò nígbà tó bá wá forúkọ sílẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé owó òyìnbó ló ń ṣe èyí, kó wo ẹ̀gbẹ́ wa. Ní Kútọnu, Mohamed Cherif Rahimy bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọmọ tuntun ní 1993. Kò ní ju pẹnisílíìnì, àjẹsára, oògùn ibà, ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ àti ìyá tí wọ́n kọ́ dáadáa. Láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú báyìí, ikú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún kéré gidigidi sí ti gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè Benin lápapọ̀. Ọmọ tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde, tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, wá ń pẹ́ láyé ju ọmọ tí kò ní in, tí ẹnikẹ́ni kò mójú tó. Ní 1995, Kwaku Ohene-Frempong bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Kumasi, ní Gánà.

Ìwé àyẹ̀wò àti ọjọ́ àjẹsára

Ní Nàìjíríà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ìmọ̀ àbùdá gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ ìjọ kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé jẹ́nótáìpù. Ó ti la àwọn èèyàn lójú gan-an, àmọ́ ó ní ibi tó kù sí. Ìwé náà máa ń pẹ́ dé: ìfẹ́ ti wọra, wọ́n ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, aṣọ ẹbí ti wà lọ́jà. Kò sì ṣe nǹkan kan fún ọmọ tí wọ́n ti bí. Iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju tìtorí rẹ̀ dá àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀ ní 1994. Ibùdó wọn wà ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó.

Ní 2006, àpérò àjọ ìlera àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú láti gbógun ti àrùn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fi iná wọ́ ẹ̀jẹ̀ kò lè gbé ní abúlé tí iná kì í dé. Ohun tó tú okùn náà ni àyẹ̀wò kékeré tó ń lo ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, tí èsì rẹ̀ ń jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìlo iná. Obiageli Nnodu ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Gwagwalada, wọ́n sì so ó mọ́ ọjọ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì tó ń gún abẹ́rẹ́ náà ló ń ṣe àyẹ̀wò. Ní 2020, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ó ṣeé ṣe.

Owó ńlá àti iṣẹ́ kékeré

Nígbà tí ayé fẹ́ ya àwòrán àbùdá ẹ̀dá láti 2002 lọ, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ HapMap. Kò sí ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí àbùdá lágbàáyé tí kò tíì lo ohun tó ti ara wọn jáde. Ní December 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń tún àbùdá ṣe nínú mùdùnmúdùn egungun aláìsàn. Ohun àrà ni lóòótọ́, iye rẹ̀ nígbà náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má wá irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀, a sì ń retí ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa wálẹ̀. Àmọ́ àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ní Ìbàràpá tàbí ní Èkìtì kò lè dúró de ọjọ́ yẹn. Pẹnisílíìnì ló nílò kó tó pé oṣù mẹ́ta. Gbogbo ibi tí ikú ọmọ SS ti dín kù nínú ìtàn yìí, Kingston ni o, Kútọnu ni o, ohun tí wọ́n lò kò pọ̀: àyẹ̀wò nígbà ìkókó, oògùn olówó pọ́ọ́kú, ìyá tó mọ ohun tó yẹ kó máa wò, àti orúkọ ọmọ nínú ìwé kí wọ́n lè wá a lọ bí kò bá yọjú.

Gbogbo èyí ni ilé ìwòsàn alábọ́dé lè ṣe. Nọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀, ọjọ́ àjẹsára ti wà, ìyá ti gbọ́mọ dé. Alága ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ra àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà sílẹ̀, tó jẹ́ kí pẹnisílíìnì ọmọdé máa wà ní káńtà, tó sì rán nọ́ọ̀sì kan lọ kọ́ iṣẹ́ ìdámọ̀ràn, yóò dá ẹ̀mí ọmọ sí láàárín sáà rẹ̀. Ó yẹ kí a máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà ìbò bí a ṣe ń béèrè títì àti omi.